Omi Nìkan Kò Tó Fún Abẹ



Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ wa, tí a fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, a lè wọ̀ ọ́ kírun. Abẹ tí yóò wọ ara ènìyàn ńkọ́? Ṣé omi nìkan tó fún un? Ẹ jẹ́ kí ìtàn dá wa lóhùn.

Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ni Abū al-Qāsim az-Zahrāwī ní Àńdálúsì, nítòsí Qurṭuba. Wọ́n bí i ní 936, ó sì kú ní 1013. Apá 30 ni ìwé rẹ̀, At-Taṣrīf. Nínú apá tó kẹ́yìn, ó ya àwòrán nǹkan bí 200 irinṣẹ́, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń lò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn dókítà Yúróòpù fi kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó yẹ ká fi yangàn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bù mọ́ ọn: láyé rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé kòkòrò tí ojú kò rí ló ń mú egbò kẹ̀.

Louis Pasteur ará Faransé ló fi hàn pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló ń mú wàrà kan. Joseph Lister ka iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1865, ní Glasgow, ó fi oògùn apakòkòrò sí egbò ọmọ ọdún 11 kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù fọ́ lẹ́sẹ̀. Egbò náà jinná láìkẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń rẹ abẹ rẹ̀ pàápàá sínú oògùn náà.

Ní 1879, Charles Chamberland, ọmọ iṣẹ́ Pasteur, ṣe ìkòkò irin tí a ń dé pinpin, tí ooru omi híhó inú rẹ̀ ń gbóná ju 100°C lọ. Irú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń lò dòní: 121°C, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí ooru kì í ráyè dé abẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Omi ló ń ṣáájú, ooru ló ń parí rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọkùnrin yín lọ kọlà, ẹ bèèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lo abẹ yìí fún ọmọ mìíràn? Báwo lẹ ṣe pa kòkòrò ara rẹ̀?” Abẹ kan náà lè gbé HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ láti ara ọmọ kan dé ara òmíràn. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Sunna ni ilà kíkọ, ọmọ sì ni ohun tí Ọlọ́hun fi sọ́wọ́ wa láti ṣọ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní kẹ́ wa. Āmīn.