Ọ̀wọ̀ Àwọn Ẹlẹ́ṣin sí Obìnrin: Ṣé Ó Ṣì Láyè Lóde Òní?

Àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa: ṣé ó ṣì yẹ kí ọkùnrin máa ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, kí ó dìde fún un nínú ọkọ̀, kí ó sì máa dá san owó oúnjẹ tí àwọn méjèèjì jẹ? Àwọn kan ní àṣejù Òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní ìwà ọmọlúàbí ni. Kí a tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Faransé àti àwọn aládùúgbò wọn ní ìlànà ìwà kan: ìgboyà, ìṣòótọ́ sí ọ̀gá ẹni, ààbò fún obìnrin. Láti ara ẹṣin ni orúkọ rẹ̀ ti wá, mẹ̀kúnnù kò sì lówó ẹṣin. Obìnrin tí wọ́n ní lọ́kàn ni ìyàwó àti ọmọ ìjòyè. Andreas Capellanus, tí ó kọ ìwé lórí ìfẹ́ nígbà náà, kò tijú láti sọ pé bí ó bá jẹ́ obìnrin àgbẹ̀ ni, ọkùnrin lè fi ipá díẹ̀ kún un. Ẹ gbọ́ bí!

Àwọn Lárúbáwá náà ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní futuwwa. Ní ọdún 1183, Sultan Salahudeen dó ti ilé olódi Kerak, ní ilẹ̀ Jọ́dánì òde òní, níbi tí ìgbéyàwó ti ń lọ lọ́wọ́. Ìtàn kan tí àwọn Kristẹni kọ sọ pé ìyá ọkọ ìyàwó fi oúnjẹ àsè ránṣẹ́ sí i, Sultan sì béèrè ilé ìṣọ́ tí tọkọtaya náà wà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju òkúta lù ú. Ibn Shaddad, tí ó wà lọ́dọ̀ Sultan nígbà ogun Acre, kọ ọ́ pé obìnrin ará Yúróòpù kan sunkún wá bá a, pé wọ́n jí ọmọ òun, ọmọ oṣù mẹ́ta, gbé. Wọ́n ti ta ọmọ náà lọ́jà. Sultan san owó rẹ̀ padà fún ẹni tí ó rà á, ó gbé ọmọ fún ìyá, ó sì ní kí wọ́n gbé obìnrin náà gun ẹṣin padà sí ibùdó rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ó gba Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1187, dínárì 10 ni ọkùnrin fi ra ara rẹ̀ padà, obìnrin dínárì 5. Sultan dá ọ̀pọ̀ aláìní sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mìíràn tí kò rówó san di ẹrú, tọkùnrin tobìnrin.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Kí àwọn òfin ọdún 1870 àti 1882 tó dé, púpọ̀ nínú ohun ìní obìnrin di ti ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ a ṣí fìlà, a ṣílẹ̀kùn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún aya rẹ̀. Owó aya lè jẹ́ èyí tí a fi ra kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà yẹn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní ọdún 1874, ń ṣòwò, dúkìá rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Nínú òfin Ìsìláàmù pẹ̀lú, sàdáàkì obìnrin, tirẹ̀ ni.

Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní ọdún 1912, àṣẹ ni pé kí obìnrin àti ọmọdé kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kékeré. Ìwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nínú obìnrin 144 tí ó wà ní ipò kìíní, 140 yè. Nínú 165 tí ó wà ní ipò kẹta, 76 péré ni.

Nítorí náà, èmi kò bá àwọn tí ó ní kí a kó o dànù lọ. Ohun tí Salahudeen ṣe fún ìyá ọmọ yẹn dára lónìí bí ó ti dára nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ìyàwó rẹ̀ lójú àwọn àlejò, èmi a fẹ́ mọ ẹni tí ó pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọmọbìnrin tí ń kiri ata lójú pópó.