Irin àti Gíláàsì: Ìtàn Ojú Méjì tí Ìbọn Ráífù Ní

Àwọn àgbà ní, "Igi gògòrò má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìbọn mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn ogun, iye ìbọn àti iye ọmọ ogun ni wọ́n sábà máa ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ibi tí a bá dojú rẹ̀ kọ ni ọta rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà, ohun tí ọmọ ogun fi ń wo iwájú láti orí ìbọn rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ó ti yẹ kí ènìyàn ṣe sí ohun àtijọ́ nígbà tí ohun tuntun bá dé.

Irin méjì ni ìbọn ráífù fi ń ríran láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ṣóńṣó kékeré tí ó wà nítòsí ẹnu ìbọn. Èkejì wà lẹ́yìn, ní ìhà ojú ẹni tí ó gbé e, ó sì ní ojú kékeré tí a gé sí i lórí. Bí ojú ènìyàn, irin ẹ̀yìn, ṣóńṣó iwájú àti ohun tí a fẹ́ bà bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, a lè yìn ín. Ṣùgbọ́n ọta kì í lọ gbọọrọ títí. Bí ó ti ń lọ ni ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni a ó ṣe gbé irin ẹ̀yìn sókè tó, kí ẹnu ìbọn lè gbé sókè pẹ̀lú.

Ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun ilẹ̀ Yorùbá lò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fi bẹ́ẹ̀ nílò irú ètò yìí. Inú rẹ̀ dán, ọta rẹ̀ kì í sì í tọ́ bí ọ̀nà bá jìn. Nígbà Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fi dojú kọ ara wọn, ni ìyípadà ńlá dé. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kó ara wọn jọ sí, fi ìbọn tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìbọn Snider wà nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ní 1866, ṣùgbọ́n láti 1871 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn Martini-Henry rọ́pò rẹ̀. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn jìyà ìbọn tuntun yìí púpọ̀ kí àwọn náà tó rí díẹ̀ gbà. Ààrẹ Látòósà kú sí àgọ́ ogun ní 1885; ọdún kejì, 1886, ni a ṣe àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n àgọ́ kò tú tán títí di 1893.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí lára ìbọn Snider ni irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dà bí àkàsọ̀ kékeré. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wà fún ọ̀tá tí ó súnmọ́. Bí a bá nà án ró, ó wà fún èyí tí ó jìnnà tó 900 yáàdì. Ìbọn kan ni, ṣùgbọ́n ojú méjì ni ó ní, ọ̀kan kò sì lé èkejì lọ.

Gíláàsì awọ̀nàjíjìn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ ti lò ó nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó sọ ọ́ di ohun ìjà tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rù. Àwọn ará Jámánì tètè rí i lò, nítorí pé ìbọn ọdẹ tí ó ní gíláàsì pọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá gbé orí sókè díẹ̀ nínú kòtò ogun ní ilẹ̀ Faransé lè má gbé e sọ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni H. Hesketh-Prichard, ọdẹ àti òǹkọ̀wé, ni ó dìde sí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atamátàsé sílẹ̀ ní 1916. Ohun tí ó bá níbẹ̀ bà á nínú jẹ́: púpọ̀ nínú ìbọn onígíláàsì tí a ti pín fún àwọn ọmọ ogun ni kò tọ́. Ibi tí gíláàsì ń wò kọ́ ni ọta ń lọ. Wọ́n ti fún ọmọ ogun ní ohun olówó iyebíye, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì de gíláàsì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn, kì í ṣe orí rẹ̀. Ètò yìí jẹ́ kí ọmọ ogun lè ti òkè kó ọta márùn-ún sínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì tún lè fi irin wo ọ̀tá bí gíláàsì bá bàjẹ́. Hesketh-Prichard kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ṣòro láti lò nínú ihò kékeré tí a gbẹ́ sára irin ààbò. Tọ̀tún tòsì ni òtítọ́ wà. Ẹni tí ó ń wá ìtọ́sí ìbọn fẹ́ kí gíláàsì wà lókè gan-an. Ẹni tí ó ń ronú ọjọ́ burúkú fẹ́ kí irin wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ní ilẹ̀ Finland ni irin ti gba ìyìn jùlọ. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1939, àgbẹ̀ àti ọdẹ kan tí ń jẹ́ Simo Häyhä lọ sójú ogun. Irin ni ó yàn, ó kọ gíláàsì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó ń wo inú gíláàsì ní láti gbé orí sókè díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ náà sì tó láti pa á, òtútù máa ń mú kí gíláàsì ṣú, oòrùn sì lè kọ lára rẹ̀ kí ó tú àṣírí ẹni tí ó sá pamọ́. Ọta bà á ní àgbọ̀n ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1940, ọ̀sẹ̀ kan kí ogun tó parí, ṣùgbọ́n ó yè é, ó sì wà láàyè títí di 2002.

Èyí kò wí pé gíláàsì kò wúlò. Ohun tí Ogun Àgbáyé Kejì fi hàn ni pé àwọn orílẹ̀-èdè gba pé kí méjèèjì jọ wà. Rọ́ṣíà gbé gíláàsì PU ga díẹ̀ kí ojú lè rí irin lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gíláàsì ìbọn No. 4 tirẹ̀ lọ́nà tí a fi lè fi ọwọ́ tú u kúrò, kí irin sì kù síbẹ̀. Amẹ́ríkà pàápàá gbé gíláàsì ìbọn M1C sí ẹ̀gbẹ́ òsì, nítorí òkè ni a ti ń kì í.

Lẹ́yìn èyí ni irú gíláàsì mìíràn dé, èyí tí kì í mú ohun jíjìn súnmọ́, bí kò ṣe pé ó ń fi àmì pupa kékeré kan han ojú. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo Singlepoint nígbà tí wọ́n lọ sí Son Tay ní Vietnam lóru ní 1970 láti gba àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ní 1975 ni Aimpoint ti ilẹ̀ Sweden gbé tirẹ̀ tí ń lo bátìrì jáde. Ojú ń yá sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n bátìrì a máa kú. Nítorí náà, nígbà tí a mú ìgbámú òkè kúrò lórí ìbọn M16 kí orí rẹ̀ lè tẹ́ fún gíláàsì, tí irin ẹ̀yìn sì bá a lọ, kò pẹ́ tí a fi ní láti dá irin náà padà, èyí tí a lè ká sílẹ̀ tí a sì lè nà ró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan irin ìrànlọ́wọ́ lónìí ń ṣe irú ìdájọ́ kan náà. Irin tí kì í ká wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó ń dí ojú. Èyí tí ń ká kì í dí ojú, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò díẹ̀ kí ó tó dìde. Bí gíláàsì bá jẹ́ ti àmì pupa, a lè gbé irin sí ìwọ̀n gíga kan náà kí a sì wò ó láti inú gíláàsì gan-an. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́, ẹ̀gbẹ́ ni irin yẹ kí ó wà, kí a kan yí ìbọn díẹ̀ láti rí i. Èyí tí ó wù kí a yàn, a gbọ́dọ̀ ti dán an wò pẹ̀lú ọta nígbà tí gíláàsì ṣì wà láàyè, kí a sì mọ̀ dájú pé ibi tí ó ń wò ni ọta ń bà. Irin tí a kò dán wò rí kò sàn ju àwọn gíláàsì tí Hesketh-Prichard bá ní ilẹ̀ Faransé lọ.

Ẹni tí ó ṣe àkàsọ̀ kékeré sórí ìbọn Snider ti mọ èyí: ohun tuntun lè ga ju ti àtijọ́ lọ láìjẹ́ pé ó lé e jáde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.