ṣàwárí
ṣàwárí (ọ̀rọ̀-ìṣe; *ṣe* + *àwárí*, láti inú *wá* àti *rí*)

1. Láti wá nǹkan títí a ó fi rí i. *Òwe:* Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀.

2. *(kọ̀ǹpútà)* Láti fi kóòdù wá àwọn server àkójọ dátà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí a sì rí wọn. *Kóòdù náà ṣàwárí server méjì ní ọ́fíìsì Ìkòtún.*

Ìlò. Kóòdù a máa pe gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá gbọ́ ní í jẹ́. Fún SQL Server ti Microsoft, SQL Server Browser ní í dáhùn, lórí pọ́ọ̀tù UDP 1434. Bí a bá pa á, tàbí tí firewall dí pọ́ọ̀tù náà, server lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ́ ìpè. Ìpè tí a pè ní Ìkòtún kì í sì í sábà dé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì Ìgàndó.

Nítorí náà, *wá* ni kí atúmọ̀ èdè lò kí èsì tó dé. *Ṣàwárí* di ìgbà tí a bá rí i. Bí èsì bá ṣófo, kí ó má kọ «kò sí server», bí kò ṣe «kò sí server tó jẹ́ ìpè». Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ lè gbàgbé láti ṣe ẹ̀dà dátà tó wà níbẹ̀.

Tún wo: wá, rí, ṣèwádìí.