Ìgbélé Ìyàwó Òrìṣà (agbègbè Bantè àti Savalou)

Ìgbélé ìyàwó òrìṣà ni àsìkò tí wọ́n fi ń ya ẹni tí òrìṣà yàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, lóko àti lọ́jà, kí ó tó di ẹni tí òrìṣà ń gùn. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń pè ní ìyàwó. Àṣà yìí wà káàkiri gúúsù àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin. Ní ẹkùn Collines, àwọn Ìṣà tó ń sọ Yorùbá ní Bantè bá àwọn Mahi Savalou pààlà.

Inú ilé òrìṣà

Àwọn onímọ̀ àṣà, Melville Herskovits (1938) àti Pierre Verger (1957), ṣàlàyé ìgbélé ti àwọn Fọn ní gúúsù Benin lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ẹni tí vodun, ìyẹn òrìṣà, bá mú á ṣubú bí òkú. Wọ́n á faṣọ wé e, wọ́n á gbé e wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, olórí awo á pè é dìde lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ àbísọ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fi pè é ti ṣẹ̀, yóò sì san ìtanràn. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n á kọ́ ọ lórin, ijó àti èèwọ̀. Tó bá jáde, yóò máa ṣe bí ẹrú tí wọ́n kó lógun, tí kò mọ ìyá tó bí i, títí ẹbí yóò fi fowó rà á padà.

Èdè awo

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tá a ń sọ Yorùbá. Nínú ilé Sakpata, ìyẹn Ṣọ̀pọ̀ná, èdè àtijọ́ tó fara jọ Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ awo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fọn ni wọ́n ń sọ nílé. Orúkọ tí Fọn ń pe àwọn ọmọ awo náà ni Ànàgónù, ìyẹn ará Ànàgó. Jean Rouch àti Gilbert Rouget ya fíìmù ìjáde irú àwọn ọmọ awo bẹ́ẹ̀ (1959).

Bí Sakpata ṣe dé Abomey, olú ìlú àwọn Fọn láyé àtijọ́, kò tíì yanjú. Ọ̀pọ̀ ìtàn ní láti apá Dassa ni wọ́n ti mú un wá. Àwọn kan ní láyé Ọba Agaja ni, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni ó wọ ìlú.

Ìjọba àti ilé ìwé

Láyé àtijọ́, ìgbélé lè gba ọdún mélòó kan. Ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou ní Benin gbógun ti ilé awo ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn àpérò orílẹ̀-èdè 1990 ni ara tó dẹ̀ wọ́n, ọjọ́ 10 oṣù kìíní sì di ọjọ́ ìsinmi ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù lórí àwọn ọmọdé ni, pàápàá látìgbà tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní 2006. Àwọn ilé òrìṣà kan ti ń mú ìgbélé bọ́ sí àsìkò ìsinmi gígùn. Ó dára kí ọmọ má pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi kan kéré láti kọ́ odindi èdè.