Ọdẹ Tí Kò Tíì Fọn Fèrè: Ìtàn Àyẹ̀wò HIV

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi bèèrè rẹ̀: "Nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣé mo ti bọ́?" Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀.

Oṣù Kẹfà ọdún 1981 ni ìròyìn àrùn éèdì kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur nílùú Paris rí kòkòrò tó ń fà á. Oṣù Kẹta ọdún 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí wọ́n lè máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ wò. Ní 1986, wọ́n kéde pé àrùn náà ti dé Nàìjíríà.

Àyẹ̀wò ìgbà náà kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara ṣe láti fi bá a jà ló ń wá. Ẹ fi wé ọdẹ àdúgbò: bí ọdẹ kò bá tíì fọn fèrè, ìyẹn kò ní ká sọ pé olè kò tíì fo ògiri wọlé. Ó ń gba ara ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun ìjà yẹn tó pọ̀ tó èyí tí àyẹ̀wò lè rí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kòkòrò ń pọ̀ sí i, ó lè ran ẹlòmíràn, síbẹ̀ èsì á máa sọ pé kò sí.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń gé àsìkò yìí kúrú. Ní 1999, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ìtọrẹ. Ní 2010, wọ́n fọwọ́ sí àyẹ̀wò tó ń wá ohun ìjà ara pa pọ̀ mọ́ p24, èròjà kan lára kòkòrò náà. Lónìí, èyí tó ń wá kòkòrò gan-an lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33. Èyí tó ń wá p24 nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní iṣan, ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tó ń wá ohun ìjà nìkan, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń gún ìka fún, ọjọ́ 23 sí 90.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọjọ́ méje níbẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé: ọ̀rẹ́, o kò tíì lè sọ pé o ti bọ́. Máa lo kọ́ńdọ̀mù, kí o sì padà lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì ju wákàtí 72 lọ, sáré lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Oògùn ọjọ́ 28 wà tó lè dènà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì padà rí i, ayé kò tíì parí: oògùn wà tí ènìyàn ń lò tí ó fi ń pẹ́ láyé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ́fà ju eéje lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èsì ọ̀sẹ̀ kan tàn yín sùn.