Nígbà tí Alátakò bá Dínà: Ìtàn Kan láti inú Eré Bíríìjì

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà tó gun orí òkè, ẹ wo bí yóò ti rí bí awakọ̀ kan bá fi ọkọ̀ akẹ́rù dábùú ọ̀nà náà ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà. Ẹrù rẹ̀ kò tó nǹkan; ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn má rí ọ̀nà kọjá ni. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà nínú eré káàdì tí à ń pè ní bíríìjì. Bí àwọn eléré ṣe wá èsì sí i ni mo fẹ́ sọ fún yín. Òbí tó bá gbọ́ orúkọ káàdì tó sì fajú ro, kí ó fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kọ́ nìyí.

Ẹni mẹ́rin ní í ta á, méjì dojú kọ méjì. Káàdì 52 ni a ń pín, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n: kúlọ́ọ̀bù ló kéré jù, dáyámọ́ǹdì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà háàtì, sípéèdì sì ni àgbà. Olúkúlùkù yóò fi káàdì kan sílẹ̀, èyí tó lágbára jù yóò sì jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjẹ 13 ló wà nínú eré kan.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi káàdì kankan sílẹ̀, a óò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni wà níbi gbàǹjo. Ẹni tó bá pe "3 háàtì" ń sọ pé àwọn yóò jẹ 6 àti 3, èyíinì ni ìjẹ 9, pẹ̀lú háàtì gẹ́gẹ́ bí olórí. Ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ pe ohun tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó dákẹ́. O kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ fún ẹnìkejì rẹ. Ìpè nìkan ni ẹ̀yin méjèèjì fi lè bá ara yín sọ̀rọ̀.

Láyé àtijọ́, nígbà tí Edmond Hoyle kọ ìwé rẹ̀ lórí eré whist ní 1742, kò sí gbàǹjo kankan. Ọ̀rọ̀ yí padà gidigidi ní 1925, nígbà tí Harold Vanderbilt, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, tún òfin máàkì ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gba Panama kọjá. Ó ní ohun tí ẹ bá ṣèlérí nìkan ni yóò kà fún yín láti gba èrè ńlá. Láti ìgbà náà ni ìpè ti di ẹ̀mí eré náà, ẹni tó bá sì lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu alátakò ti rí ohun ìjà.

Ìpè 35 ló wà lápapọ̀. Bí alátakò bá ní háàtì méje, tí kò sì ní agbára mìíràn, tó ṣí eré pẹ̀lú "3 háàtì," ìpè 13 ti jóná kí o tó la ẹnu. Bó bá tilẹ̀ kùnà ìjẹ méjì tí wọ́n sì dọ́bù rẹ̀, 300 ni yóò san. "4 sípéèdì" tó ṣeé ṣe kí ẹ bá pe ìbá sì mú 420 wá fún yín. Ó jèrè nìyẹn! Bó bá kùnà mẹ́ta, 500 ni, iná sì ti jó ọwọ́ ara rẹ̀.

Kí ni ìwọ yóò wá ṣe? Níbẹ̀rẹ̀, "dọ́bù" túmọ̀ sí pé: o kò lè ṣe é, kí ìyà rẹ di púpọ̀. Ní nǹkan bí 1912 sí 1913, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Charles Patton ní New York àti Bryant McCampbell ní St. Louis, ronú kan ọgbọ́n kan náà láìgbìmọ̀ pọ̀. Wọ́n sọ dọ́bù di iṣẹ́ tí a rán sí ẹnìkejì: mo lágbára, ṣùgbọ́n oríṣi tí ó pè yẹn kò sí lọ́wọ́ mi, ìwọ mú èyí tó wù ọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí ìpè bá ga tó 3, ọ̀pọ̀ kò gbà. Ọ̀pọ̀ eléré ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi "3 láìsí olórí" rán iṣẹ́ náà, kí dọ́bù lè máa jẹ́ ti ìjìyà lọ. Ní Amẹ́ríkà, Harry Fishbein ní kí a pe oríṣi tó tẹ̀ lé e lókè. Lójú tèmi, gbèsè ni àwọn méjèèjì ń dá sílẹ̀. Bí "3 sípéèdì" bá ti di ìbéèrè, kí ni ẹni tó ní sípéèdì gidi yóò pè? Dọ́bù ní tirẹ̀ kì í gba àyè kankan, nítorí náà ló ṣe borí lórí ọ̀pọ̀ tábìlì lónìí.

Ká ní o ní sípéèdì mẹ́rin, háàtì kan ṣoṣo, dáyámọ́ǹdì mẹ́rin àti kúlọ́ọ̀bù mẹ́rin, pẹ̀lú agbára 14 (a máa ń ka eesì sí 4, ọba sí 3, ayaba sí 2, jáàkì sí 1). Dọ́bù ni kí o pè. Bí o bá ní sípéèdì mẹ́fà tó dára, pè é fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n bí 14 náà bá wà lọ́wọ́ rẹ tí mẹ́ta nínú káàdì rẹ sì jẹ́ háàtì kéékèèké, dákẹ́, bó tilẹ̀ dùn ọ́.

Nígbà mìíràn, ẹnìkejì rẹ tí o dọ́bù fún yóò wo ọwọ́ rẹ̀, yóò rí háàtì ńláńlá mẹ́rin níbẹ̀, yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó dínà ni yóò kù sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀.