TA NI YÓÒ DI ÒṢÙWỌ̀N MÚ?
Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Oúnjẹ, láti Rochdale dé Kakuri

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni àríyànjiyàn tí a ṣe nínú ìpàdé nípa ẹ̀wà. Àwọn kan dábàá pé kí a dá owó jọ, kí a máa ra ẹ̀wà, àgbàdo àti iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí kì í da oògùn apakòkòrò sí nǹkan oko wọn, kí a sì máa tà á fún ara wa nínú sítọ̀ tí ó jẹ́ tiwa. Bàbá àgbà kan dìde, wọ́n ní, "Owó kọ́ ni ìṣòro. Ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé ju bàbá náà lọ.

Inú ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní KTL tàbí UNTL yóò dùn láti gbọ́ pé àwọn ahunṣọ wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀. Ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28 kan ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Toad Lane. Pọ́n-ùn 28 ni owó tí wọ́n tu jọ. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà óòtì àti àbẹ́là díẹ̀ ni gbogbo ọjà tí ó wà níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé àti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣí i. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó dán irú rẹ̀ wò, àmọ́ àpẹẹrẹ tiwọn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé tẹ̀lé.

Láyé ìgbà náà, oúnjẹ tí àwọn tálákà ń rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé fọkàn tán. Àwọn oníṣòwò a máa po ẹfun àti álọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun, wọn a máa sá ewé tíì tí wọ́n ti lò kí wọ́n tó tún un tà. Ohun tí àwọn ará Rochdale ṣèlérí kò ju pé oúnjẹ wọn kò ní ní àdàlù, òṣùwọ̀n wọn yóò pé, wọn kò ní tàwìn, èrè yóò sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó rajà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rà á tó. Inú ara wọn ni wọ́n ti yan àwọn tí ó dúró nídìí káńtà. Samuel Ashworth ń tajà, William Cooper ń gba owó. Àwọn tí wọ́n ń tajà fún mọ ilé wọn, wọ́n mọ ìyàwó wọn. Bí òṣùwọ̀n bá yingin, kò sí ibi tí wọn yóò sá sí.

Ní ilẹ̀ tiwa, àjùmọ̀ṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀, tí a sì ń dá èésú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó ní ìwé, tí ó ní òṣùwọ̀n, tí ó sì ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó, kòkó ló mú un wá. Ní ọdún 1907 ni àwọn olóko kòkó ní Agége, tí J. K. Coker jẹ́ olórí wọn, dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Láàrin ọdún 1920 sí 1930, àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti í fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó kí ara rẹ̀ lè gbóná, bí a ti í sá a kí ó gbẹ dénú, àti bí wọ́n ṣe lè kó o jọ tà pọ̀. Ní 1933 ni ìjọba pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ Íńdíà, pé kí ó wá yẹ ilẹ̀ wa wò. Òfin jáde ní 1935, E. F. G. Haig sì di olùforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di 1937, ẹgbẹ́ àwọn olókòkó Gbedun, ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin náà.

Kí ló ń lé àgbẹ̀ wọ ẹgbẹ́? Òṣùwọ̀n ni. Bàámi, tí wọ́n dá oko kòkó ní agbègbè Oǹdó, máa ń sọ fún wa pé nígbà èwe wọn, páànù ni àwọn tí ń ra kòkó kiri abúlé fi ń wọ̀n ọ́n, wọn a sì lu ìdí páànù náà kí ikùn rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Wọn kì í bèèrè bóyá kòkó gbẹ tàbí kò gbẹ, nítorí pé wọn yóò po rere mọ́ búburú. Ẹni tí ó tọ́jú kòkó rẹ̀ dáadáa àti ẹni tí ó kó tútù wá, iye kan náà ni wọn yóò gbà.

Sítọ̀ ẹgbẹ́ ní abúlé wa kò ju ilé alámọ̀ kan tí a fi páànù bò lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní nǹkan bí ọdún 1978 sí 1985, ènìyàn mẹ́rin ni mo máa ń bá níbẹ̀. Akọ̀wé ni ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ka ìwé mẹ́fà, tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Ìwé méjì ni ó ń kọ fún àpò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àgbẹ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Oníwọ̀n ni ìkejì. Kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ojú òṣùwọ̀n ju akọ̀wé lọ, kì í sì í ka iye tí ó wọ̀n sókè títí olówó rẹ̀ yóò fi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Olùṣọ́ ni ìkẹta, bàbá arúgbó kan tí ó ń sùn sórí àpò kòkó pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ìkẹrin ni aláyẹ̀wò. Òun ló máa ń bu kòkó láti àárín àpò, kì í bu ti òkè nìkan, tí yóò sì fi ọ̀bẹ kékeré la kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó bu, bóyá ó ti hù, tàbí bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Àwọn obìnrin kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ abúlé wa. Orúkọ àwọn ọkọ ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé ló ń yí kòkó lórí ẹní láti àárọ̀ títí òjò yóò fi ṣú, tí wọn yóò tún sáré kó o wọlé. Mo rò pé àléébù ni.

Ní ọdún kan, aláyẹ̀wò dá àpò mẹ́ta padà fún bàámi. Ó ti bu nínú. Àna bàámi ni ọkùnrin náà, àbúrò ìyá mi gan-an. Inú bí bàámi débi pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi jẹ́ kíkí rẹ̀. Àwa ọmọ ni a tún kòkó náà ṣà, tí a tún un sá, àpò méjì péré ló sì kù nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní, "Bí ó bá gba tèmi, ìgbà wo ni yóò kọ ti ẹlòmíràn?"

Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké báyìí ni wọ́n para pọ̀ di ńlá. Olóyè Akinpẹlu Obisẹsan, tí ó ti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè rí, ni ààrẹ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olókòkó Ìbàdàn. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ó kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà ní Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Ní 1943 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ níṣẹ́. Ní 1945 àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ tí yóò máa kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun, nígbà tí ó sì di 1953, wọ́n ní báńkì tiwọn, Co-operative Bank, tí Obisẹsan tún jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ọ̀bẹ kékeré àti páànù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n má tan yín jẹ, oko bàámi kì í ṣe oko tí kò rí oògùn rí. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ sókè ni Gammalin 20 ti wọ oko kòkó. Bàámi a máa fọ́n ọn láìfi nǹkan bo imú, àwọn ọmọkùnrin aláìgbọ́n a sì máa dà á sódò láti fi pa ẹja. Aláyẹ̀wò wa lè rí kòkó tí ó bu, àmọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ kò lè fi oògùn hàn án.

Ní 1986 ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lówó lọ́wọ́ lè wá ra kòkó. Owó kòkó fò sókè, àgbẹ̀ jó, àgbẹ̀ yọ̀, ṣùgbọ́n kòkó tútù pẹ̀lú èyí tí ó bu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èbúté, orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lókè òkun. Sítọ̀ abúlé wa di ilé ewúrẹ́. Ní ti báńkì, ó dà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006 láti di Skye Bank, ìjọba sì gba ìwé àṣẹ Skye ní 2018.

Ní Kakuri níbí, ẹ̀yin náà mọ tiwa. KTL bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ó sì kógbá sílé ní 2002. UNTL ti ilẹ̀kùn ní 2007 kí ó tó tún ṣí i ní 2010. Nígbà tí ẹ̀rọ ń dún, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ a máa kó ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró wọlé fún ọdún Kérésì àti Iléyá, wọn a sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ọjọ́ tí owó oṣù dúró ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kú. Èmi náà ti jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ní ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa gba owó ẹ̀wà lọ́wọ́ ènìyàn tí ó lé ní ogójì, a kò rí ẹ̀wà, a kò sì rí akọ̀wé. Kò sí ẹni tí ó ń bá a ka ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí, owó táṣẹ́rẹ́ ni à ń san fún un, bẹ́ẹ̀ owó gbogbo wa ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti ilẹ̀ wa, nítorí oògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì tún sún òfin náà síwájú lẹ́yìn ọdún kan. Oògùn náà kan náà ló wà nínú Sniper. Ní 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kéékèèké mọ́. Ẹ̀wà tí Yúróòpù dá padà kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù, èyí tí kò kúrò nílé rárá, tí àwa ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín, ni.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Kamẹrúùnù ti ṣe àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle níta. Bí a bá so ẹnu rẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tán, kòkòrò ẹ̀wà yóò sì kú láìsí oògùn. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, Fada Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ Songhai ní 1985 lórí ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná. Ti Songhai kì í ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àmọ́ ó fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Nítorí náà, èsì tèmi sí bàbá wa nìyí. Kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yan oníwọ̀n, kí ó yàtọ̀ sí akọ̀wé, kí ó sì yàtọ̀ sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a san owó tí ó nítumọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí aláyẹ̀wò lọ sí oko fúnra rẹ̀ kí ẹ̀wà tó wọ àpò, nítorí ojú kì í rí oògùn nínú sítọ̀. Kí orúkọ àwọn obìnrin wà nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní. Ní ti ìmọ̀ ìṣirò, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Alájẹṣẹ́kù ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Kaduna níbí, a lè rán ọmọ wa méjì lọ síbẹ̀.

A ó tún sọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà ní ìpàdé tí ń bọ̀. Mo ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní ọjà Kakuri, wọ́n ní àwọn yóò yá wa ní òṣùwọ̀n. Kí ẹni tí ó bá ní òmíràn gbé e dání, kí a lè gbé méjèèjì síwájú gbogbo ilé, kí a fi ẹ̀wà kan náà wọ̀n ọ́n.